Ìlà Tí À Ń Kọ Láì Bi Ọmọ

Nínú nóòtì tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ máa ń kọ kó tó lọ dúró níwájú kíláàsì, ìlà kan wà tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn tó bá ti kọ orí iṣẹ́, ọjọ́, àkókò, iye ọmọ àti ohun èlò ìkọ́ni, yóò dé ibi tí wọ́n ní kó kọ ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá àwọn ọmọ sí. Bí iṣẹ́ bá dá lórí omi, á kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ti ń rí omi nílé. Bó bá dá lórí ìyọkúrò, wọ́n ti mọ ìròpọ̀. Bó bá dá lórí ọjà, wọ́n ti bá ìyá wọn lọ sọ́jà rí. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ kankan. Lálẹ́ àná ni wọ́n kọ ọ́ nínú yàrá, nígbà mìíràn láti inú nóòtì ẹni tó ṣe TP, ìdánrawò ìkọ́ni, lọ́dún tó kọjá. Alábòójútó tó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá yóò yẹ ìlà náà wò, yóò rí i pé kò ṣófo, yóò sì fún un ní máàkì. Ìlà kékeré yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi, torí mo gbà pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ ń ṣe, àti ohun tí kò rí ṣe, fún àwọn tí à ń sọ di tíṣà, ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ìlà náà kò ṣàdédé débẹ̀. Lọ́dún 1968, David Ausubel, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kí òun kó gbogbo ìmọ̀ sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun máa dárúkọ: kí olùkọ́ wádìí rẹ̀, kó sì gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀ tí Johann Herbart, ará Jámánì, ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ìgbésẹ̀ kìíní, ìgbésẹ̀ kejì, tó tàn káàkiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ibi tó lágbára ni ìlà náà ti wá. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bí àṣẹ tó ní ká wádìí ṣe di àyè tí à ń dí. Ìdáhùn mi ni pé bí a ṣe ń kọ́ sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló fà á. Ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, dandan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ìpele mẹ́rin tí Jean Piaget là sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn: ìbí sí ọdún méjì, méjì sí méje, méje sí mọ́kànlá, mọ́kànlá sókè. Yóò mọ ajá Pavlov, ológbò Thorndike, eku àti ẹyẹlé Skinner, ìnàkí Köhler. Gbogbo ẹranko ló pé síbẹ̀. Ọmọ kíláàsì kẹta tó jókòó sẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa rán akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò á ní kó dárúkọ ìpele mẹ́rin, kó sì sọ ìwúlò wọn fún olùkọ́. Yóò kọ ọ́ bó ṣe wà nínú hándáòtì, yóò sì yege. Ẹni tó ti yege lórí ọ̀rọ̀ ọmọ láìrí ọmọ, kí ló máa mú un rò pé ó yẹ kí òun bi ọmọ léèrè kí òun tó kọ ìlà yẹn?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyọkúrò. Ọmọ kan kọ 52, ó kọ 37 sábẹ́ rẹ̀, ó ní ìdáhùn jẹ́ 25. Tíṣà fi báírò pupa fà á, ó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kì í ṣe ìméfò lásán. Ọmọ náà yọ 3 kúrò nínú 5, ó ku 2. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ 2 àti 7, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Ẹ fún un ní 84 àti 49, ẹ máa rí i pé 45 ló máa kọ. Òfin ló ń tẹ̀ lé: yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ibi yòówù tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ìbáà wà. Lọ́dún 1978, John Seely Brown àti Richard Burton fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn ọmọ nínú ìyọkúrò ló rí báyìí, débi pé ẹni tó bá fara balẹ̀ ka iṣẹ́ ọmọ lè sọ ohun tí ọmọ náà máa kọ kó tó kọ ọ́. Ta ló sì kọ́ ọmọ náà lófin yìí? Bóyá tíṣà kan ni, ní kíláàsì kìíní, tó ní a kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré. Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá rẹ̀ nìyẹn, òun gan-an ló sì ń dà á láàmú. Nóòtì tó ní àwọn ọmọ ti mọ ìròpọ̀ kò purọ́, àmọ́ kò rí nǹkan kan. Ó kàn gbà pé ohun tí ọmọ ti mọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ tó dúró, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an lè jẹ́ ohun tó ń dènà ẹ̀kọ́.

Ọmọ kan náà tún lè ní ohun rere lọ́wọ́ tí nóòtì yẹn kò rí. Bó bá gbọ́ òǹkà Yorùbá, ẹ̀tàdínlógójì ni 37 lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀ta ló kù kó pé ogójì. Láti ogójì dé àádọ́ta, ẹ̀wá. 52 jẹ́ èjìléláàádọ́ta, ìyẹn èjì lórí àádọ́ta. Ẹ̀ta, ẹ̀wá, èjì: ẹẹ́dógún. Kò sí pé à ń yá mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò, kò sí pé à ń fa ìlà sórí nọ́ńbà. Bí a ṣe ń kà á ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sáré fi èyí ṣe fọ́ńté. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá wa lónìí ni kò lè ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún láìṣì í, nígbà tí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata lè máa fi ṣírò owó lójoojúmọ́, kó má sì mọ̀ pé òun ń ṣe ìṣirò tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé. Àwọn méjèèjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kò sí ìwé Piaget tàbí ti Ausubel tó lè sọ èwo ni èwo. Ohun tí sáíkọ́lọ́jì lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà wà, pé ó ṣe pàtàkì, àti irú ìbéèrè tó lè mú un jáde. Bí kò bá ṣe ìyẹn, mi ò mọ ohun tó ń ṣe nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹnì kan lè ní èyí dùn-ún gbọ́, àmọ́ kí ni ẹ̀rí pé olùkọ́ tó mọ bí ọmọ ṣe ń ronú máa ń kọ́ni dáadáa ju ẹni tó kàn mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti Yunifásítì Wisconsin, èyí tí Thomas Carpenter, Elizabeth Fennema àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 1989. Ogójì tíṣà kíláàsì kìíní ni wọ́n lò. Wọ́n pe ìdajì wọn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà ìsinmi, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà yanjú ìròpọ̀ àti ìyọkúrò hàn wọ́n: èyí tó ń fi ìka kà, èyí tó ń ka ohun méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tó pọ̀ jù. Wọn kò fún wọn ní nóòtì tí wọ́n máa fi kọ́ni, wọn kò sì sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ni. Nígbà tí ọdún parí, àwọn tíṣà yẹn mọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì wọn ṣe ń ronú ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń fetí sí wọn ju àwọn yòókù lọ, àwọn ọmọ wọn sì ṣe dáadáa jù nínú yíyanjú ìṣòro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tí wọ́n ń lò lórí àkọ́sórí kéré sí ti àwọn yòókù. Ìbò ni wọ́n fi pín àwọn tíṣà náà sí ọ̀nà méjì, torí náà kò rọrùn láti sọ pé àwọn tó já fáfá tẹ́lẹ̀ ló kó ara wọn jọ.

Ti Philip Sadler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2013, tún tì í lẹ́yìn, àmọ́ ó mú iyèméjì díẹ̀ wá. Wọ́n ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì fún tíṣà 181, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan. Wọ́n tún ní kí wọ́n sọ èyí tí àwọn ọmọ máa mú jù nínú àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Lórí àwọn ìbéèrè tí èrò òdì ti gbilẹ̀ lọ́kàn ọmọ, àwọn ọmọ tí tíṣà wọn mọ ìdáhùn, tó sì tún mọ àṣìṣe náà, ló jèrè jù. Mímọ ìdáhùn nìkan kò tó. Iyèméjì tí mo sọ ni pé ara àwọn ọmọ tí ìwé kíkà àti ìṣirò wọn ti múná ni èrè náà ti hàn jù; àwọn tó ti rẹ̀yìn kò rí púpọ̀ gbà níbẹ̀. Ó yẹ kí èyí ká wa lọ́wọ́ kò díẹ̀. Mímọ bí ọmọ ṣe ń ronú kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe, kò sì lè dí àyè ọmọ tí kò tíì mọ̀wéé kà. Síbẹ̀, kò sọ ọ́ di ohun tí a lè fi hándáòtì rọ́pò.

Àtakò tó máa ń dùn mọ́ wa jù ni pé ìmọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn baba wa ti mọ ọmọ kí Piaget tó dáyé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Òwe wa sọ pé ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe wa kan náà tún sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀kan ní àbínibí ni, èkejì ní ẹ̀kọ́ ni. Àgbà yóò mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu lọ́jọ́ náà, ìdájọ́ rẹ̀ yóò sì gún. Ṣùgbọ́n òwe kankan nínú méjèèjì kò sọ fún tíṣà èwo ni ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀. Òwe kì í ṣe ìdánwò, kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nínú àtakò yìí ni pé ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti tún Piaget wò. Piaget máa ń da omi láti inú gíláàsì tó gbòòrò sínú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, á wá tún bi ọmọ, bó ṣe bi í kó tó dà á, bóyá omi náà ṣì jẹ́ iye kan náà. Àwọn ọmọ kékeré máa ń ní ó ti pọ̀ sí i. Patricia Greenfield ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1966. Àwọn tí kò lọ sílé ìwé ń tàsé púpọ̀. Àwọn kan nínú wọn gbà pé àgbà tó da omi náà ló ní agbára tó fi yí i padà. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn dà á, ìdáhùn wọn sàn sí i gan-an. Lọ́dún 1974, James McGarrigle àti Margaret Donaldson ṣe nǹkan tó jọ ọ́ ní Scotland: wọ́n jẹ́ kí béárì aláṣọ kékeré tó ń ṣe ìjàngbọ̀n da ìlà ohun tí wọ́n tò rú dípò àgbà, àwọn ọmọ tó ń tàsé tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ yẹ kó yé ẹni tó dàgbà nílé Yorùbá ju bó ṣe yẹ kó yé ará Scotland lọ. Bí àgbà bá bi ọmọ ní ìbéèrè, tí ọmọ dáhùn, tí àgbà tún bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tó gbọ́n mọ̀ pé èyí tí òun kọ́kọ́ sọ kò tẹ́ àgbà lọ́rùn, yóò sì yí ohùn padà. Ìwà ọmọlúàbí ló fi dáhùn, kì í ṣe àìmọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó kàn há ìpele mẹ́rin sórí máa ní ọmọ náà kò tíì dé ìpele kẹta. Èyí tó bá gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílé, tó da omi, tó béèrè, tó tún jẹ́ kí àbúrò fọwọ́ ara rẹ̀ dà á, máa rí Piaget, yóò sì rí ibi tí Piaget kù sí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Kò nílò owó. Ife méjì àti omi ni.

Àwọn tiwa náà ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n yí àwọn mìíràn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ délẹ̀ kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A máa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ èdè àti ti ìṣèlú, ó sì rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlà tí mo ń wí ló jẹ́ pẹ̀lú: èdè tí ọmọ fi mọ nǹkan ni ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nífẹ̀ kan náà, Helen Verran, ará Ọsirélíà tó ń kọ́ àwọn tíṣà níbẹ̀ nígbà kan, rí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tó yà kúrò nínú ohun tí wọ́n jọ pèsè láti fi kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Dípò kí wọ́n na okùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, ó ní kí wọ́n máa wé e mọ́ páálí kékeré, kí wọ́n ka iye ìgbà tó yí i, kí wọ́n tó wọn èyí tó ṣẹ́ kù. Lójú Verran, ó ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yé àwọn ọmọ, ìyẹn sì ya obìnrin náà lẹ́nu débi tó fi ronú lé e lórí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2001. Mi ò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn máa rí máàkì púpọ̀ gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alábòójútó TP wa.

Wọ́n á ní kíláàsì ti kún jù, pé ta ló máa ráyè gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ àádọ́rin. Àtakò gidi nìyí, mi ò sì fojú kékeré wo ẹni tó ń sọ ọ́ láàárín eruku ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ àádọ́rin ọmọ kò ní ọ̀nà àádọ́rin tí wọ́n fi ń ṣì í. Nínú ìwé iṣẹ́ wọn, oríṣi àṣìṣe díẹ̀ ló máa ń padà wá léraléra, ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n máa rí i bó ṣe ń ṣí ìwé. Kíláàsì tó kún gan-an ló nílò ẹni tó lè ka àṣìṣe, torí ibẹ̀ ni kò ti ní láǹfààní láti tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dènà jù ní tèmi kì í ṣe pé ọmọ pọ̀, pàṣán ni. Ọmọ tí wọ́n bá nà torí pé ó kọ 25 kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí bó ṣe rò ó mọ́. Yóò wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Tíṣà ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ rẹ́.

Àwọn mìíràn á ní ìmọ̀ sáíkọ́lọ́jì yìí kò dúró sójú kan, pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà lánàá ni wọ́n ń sọ lónìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Títí di òní, àwọn olùkọ́ ṣì ń kọ́ ọ pé ọmọ kan ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́, òmíràn ń fi etí, òmíràn ń fi ọwọ́, àti pé ó yẹ kí tíṣà pín wọn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2008, Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò sí ẹ̀rí tó tó láti fi pín ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni irú ìyípadà yìí ń pa lára? Ẹni tó há a sórí bí ìwé mímọ́ ni. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n rí, lára ọmọ wo, àti bí wọ́n ṣe rí i, kò ní ṣòro fún un láti jọ̀wọ́ èyí tí kò dúró.

Èyí tó ṣòro jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1975, Dan Lortie ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí ọmọ tó jáde ní girama, ó ti lo nǹkan bíi wákàtí 13,000 níwájú tíṣà. Ó ti kọ́ṣẹ́ tíṣà kó tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, láti orí bẹ́ǹṣì: ó mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ, bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó, bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹni, bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo kíláàsì pé ṣé ó yé wọn, kí gbogbo wọn sì pariwo pé ó yé àwọn. Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá tirẹ̀ nìyẹn, ó sì jinlẹ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ Ausubel nínú hándáòtì lè tú. Olùkọ́ sáíkọ́lọ́jì tó bá wọlé tọ irú èèyàn báyìí lọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìpele kìíní fún wọn kọ láìbéèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa ọmọ, dà bíi télọ̀ tó gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà, tó sì ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé wíwọ̀n ló kọ́kọ́ ń ṣáájú. Mo mọ ohun tó máa wí: ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́, gbọ̀ngàn kan, máíkì tí kò ṣiṣẹ́, ìwé ìdánwò rẹpẹtẹ. Àwọn ìṣòro yẹn kò ní kúrò lọ́la. Àmọ́ ìbéèrè ìdánwò wà lọ́wọ́ tirẹ̀, kò sì dúró de owó ìjọba. Kó tẹ 52 àti 37 sórí ìwé ìdánwò, kó kọ 25 tí ọmọ náà kọ síbẹ̀, kó wá béèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ọmọ yìí ṣe rò ó, nọ́ńbà méjì wo lo máa fún un láti fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó lóòótọ́, kí sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Mímáàkì rẹ̀ kò ní pẹ́ ju ti ìpele mẹ́rin lọ.